Tuple dé Vim: báwo ni Python ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo Vim, ètò tí wọ́n fi ń kọ code lórí kọ̀ǹpútà, ní 2025 wọ́n fi data type tuntun kan kún un tó ń jẹ́ tuple, lẹ́yìn náà wọ́n tún wá kọ́ ẹ̀ka tó ń jẹ́ kí Vim lè lo èdè kọ̀ǹpútà Python náà lóhun tí tuple jẹ́. Iṣẹ́ méjì nìyẹn o, kì í ṣe ẹyọ kan, èkejì yẹn gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé torí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé ó wà.

Data type ni irú nǹkan tí kọ̀ǹpútà gbà pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ jẹ́. 5 jẹ́ nọ́ńbà, "Adé" jẹ́ string (ọ̀rọ̀), [1, 2, 3] jẹ́ list. Tuple jọ list gan-an àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tò ó báyìí (1, 2, 3), ó parí nìyẹn, ẹ ò lè yọ nǹkan níbẹ̀, ẹ ò lè fi kún un. Tó bá jẹ́ nǹkan kan péré ló wà nínú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ́mà sí i, (1,), torí (1) lásán, nọ́ńbà ni Vim máa kà á sí. Lórí Vim àtijọ́, ẹ tẹ :echo (1, 2, 3) kẹ́ ẹ wò ó, àṣìṣe E110 ló máa gbé jáde, á ní òun ò rí àkámọ́ tó yẹ kó tì í, bẹ́ẹ̀ kọ́mà yẹn ló dí i lọ́nà.

Ó dáa, Python ńkọ́? Èdè C ni wọ́n fi kọ Vim, ó sì ní èdè tiẹ̀ tó ń jẹ́ Vim script, àmọ́ ẹ lè fi Python náà bá a sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì la mọ̀ sí scripting interface. Gbogbo nǹkan tí Vim bá gbé lọ́wọ́ ló ní àmì tó ń sọ irú tó jẹ́, VAR_LIST, VAR_DICT, báyìí báyìí, ògbufọ̀ á wo àmì yẹn, á wá wá èyí tó bá a mu ní Python. Tí àmì náà ò bá ní ẹnìkejì ní Python ńkọ́? Job, ìyẹn ètò míì tẹ́ ẹ fi job_start() dá sílẹ̀ látinú Vim, ẹ ní kí vim.eval(), tó ń gbé nǹkan Vim wá fún Python, bá yín gbé e wá, None (òfo) ni Python máa rí, kò ní pariwo rárá, ẹ̀yin lẹ máa jókòó máa wá ohun tó bàjẹ́ kiri. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àpadàbọ̀ náà wà níbẹ̀. Kí Vim tó ní tuple, tẹ́ ẹ bá ṣe py3eval('(1, 2)'), tó ń gbé nǹkan Python wá fún Vim, list ni Vim máa gbà, ohun tẹ́ ẹ ti tì pa ní Python á wá ṣí sílẹ̀ ní Vim, ẹnikẹ́ni á sì lè tún un ṣe. Nítorí náà ọ̀nà méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ kọ, àlọ àti àbọ̀.

Ibi tó wá le jù ni ti ẹni tó ni nǹkan. Vim ń ka iye ibi tí wọ́n ti ń lo list kan, tí iye yẹn bá ti di òdo ó máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́, Python náà ní kíkà tiẹ̀ lọ́tọ̀. vim.bindeval() sì rèé, kì í ṣe ẹ̀dà ló ń gbé fún Python, list yẹn gan-an ni. Ká ní Vim ti kó o dànù tí Python ṣì dì í mú, Vim lè kú mọ́ yín lójú pẹ̀lú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò tíì sefu, torí náà ẹni tó bá ń fi type tuntun kún un gbọ́dọ̀ rí i pé tí Python bá ti dì í mú, Vim fi ọ̀kan kún kíkà ẹ̀, tó bá sì jù ú sílẹ̀, kí Vim yọ ọ̀kan. Ẹ tún wá ro tuple tí list wà nínú ẹ̀, tí list yẹn náà sì gbé tuple yẹn padà sínú, wọ́n di ara wọn mú, kíkà àwọn méjèèjì ò ní dé òdo láéláé. Irú èyí gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ test fún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti gbọ́ ọ, ẹ tẹ :py3 print(type(vim.eval('(1, 2)'))) kẹ́ ẹ wo ohun tó máa sọ, tó bá dárúkọ tuple, ó ti gbọ́ ọ nìyẹn.