Ìgbà tí oúnjẹ ìyá eku ń pọ̀ jù

Oyún eku kì í pẹ́. Láàárín ọjọ́ 21 sí 23 ó ti bí, ọmọ 8 sí 12 ló sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń sin ín á rí inú rẹ̀ tó ń tóbi, àánú á ṣe é, á máa rọ oúnjẹ sínú àgò. Bó bá wá bímọ tán, tí ikùn rẹ̀ fọn, onítọ̀hún á ní wàhálà ti tán, á dá oúnjẹ padà sí ìwọ̀n àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ti ń jẹ ìyá ọmọ, torí pé lẹ́yìn ìbímọ ni iṣẹ́ ńlá ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì gbó ni eku ń bí. Ọ̀yà, tó ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù márùn-ún, ń bí ọmọ tó ti nírun lára, tó ti lajú. Ọmọ eku ò ju bíi gíráàmù 6 lọ. Ara rẹ̀ pupa bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, ojú àti etí rẹ̀ dì pa. Ohun gbogbo tó kù kí ara rẹ̀ fi pé, inú wàrà ìyá rẹ̀ ló ti máa wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, á ti wúwo ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ló ń mu ọmú ìyá kan ṣoṣo! Wàrà ọ̀hún sì ki: ọ̀rá inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti wàrà màlúù lọ, pròtéènì rẹ̀ náà pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Eku àgbà tó wọn 300 gíráàmù, tí kò lóyún, ń jẹ tó gíráàmù 15 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oyún, iye yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni ọmọ inú ń sáré dàgbà, tí oúnjẹ ìyá sì ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìbímọ, tí wàrà ń ṣàn jù lọ, ó lè jẹ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa wọn oúnjẹ fún un lásìkò yẹn. Kí abọ́ rẹ̀ má ṣófo tọ̀sán-tòru.

Oúnjẹ oníkóro (pellet) tí pròtéènì rẹ̀ jẹ́ 14 nínú ọgọ́rùn-ún tó eku àgbà. Fún aboyún àti abiyamọ, 18 sí 20 ló dára. A lè fi ẹyin sísè, ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀, tàbí ẹ̀wà tó jinná dáadáa gbè é. Ẹ̀dọ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀, nítorí fítámìn A tó bá pọ̀ jù lè ba ọmọ inú jẹ́. Ohun dídùn bíi bisikíìtì kàn ń gba àyè nínú ikùn lásán ni.

Eku ò lè bì, ìyẹn ló jẹ́ kó máa fura sí oúnjẹ tí kò mọ̀. Á tọ́ ọ wò bíńtín, á sì fi í sílẹ̀ ná. Nítorí náà, kí ìbímọ tó dé ló yẹ kí a ti pààrọ̀ oúnjẹ. Adùn ohun tí ìyá ń jẹ tún ń gba inú wàrà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yàn nígbà tí wọ́n bá ń jẹun fúnra wọn.

Omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Wàrà tó ń jáde, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ tuntun ò lè dá tọ̀. Ìyá ló ń lá ìdí wọn kí ìtọ̀ tó jáde, ó sì ń gbé e mì, kí omi àti iyọ̀ tó bá wàrà lọ lè padà sára rẹ̀. Síbẹ̀, kò lè tó. Ìgò omi tí ẹnu rẹ̀ bá dí ní alẹ́ ọjọ́ kan lè dín wàrà kù, ìyá tí òùngbẹ tàbí ìpayà bá sì dé bá lè pa ọmọ jẹ.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá wàrà tó, ikùn àwọn ọmọ ló máa sọ. Lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, awọ wọn fẹ́lẹ́ débi pé wàrà ń hàn nínú wọn bí ìlà funfun. Ọmọ tí ìlà yìí ò bá sí lára rẹ̀ láàárọ̀ títí dọ̀sán, kò rọ́mú mu nìyẹn.

Kí a ti gbé akọ kúrò kí ọjọ́ ìbímọ tó pé. Abo lè tún lóyún láàárín wákàtí 24 tó bí, á wá máa fi ẹnu kan bọ́ ọmọ inú àti ọmọ ọmú.

Ní bí ọjọ́ 14 àwọn ọmọ á lajú, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa já oúnjẹ ìyá wọn jẹ. Kí a máa fi omi rin oúnjẹ oníkóro díẹ̀ fún wọn, kí a sì sọ ìgò omi wálẹ̀ dé ibi tí ẹnu wọn tó. Láti ọjọ́ 21 sí 28 ni wọ́n ń kúrò lẹ́nu ọmú, kí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì tó pé, kí a ti ya àwọn akọ sọ́tọ̀. Bí ọmú ṣe ń gbẹ ni ìyá fúnra rẹ̀ á máa dín jíjẹ kù. Ìgbà tó bá ti ń ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú abọ́ lójoojúmọ́ ni kí a tó dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́.