Oorun Ọ̀sán: Ìgbà Tó Ń Ṣeni Lóore àti Ìgbà Tó Yẹ Ká Wádìí Rẹ̀

Láàárín aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wúwo. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n sábà ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan kan pàápàá lè máa tòògbé lákòókò yẹn. Bí aago inú ara wa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ara a dẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, a sì tún jí pépé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí oorun ń kùn lọ́sàn-án kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé àwọn kan wà tí ojú ń tì láti sùn nígbà tó yẹ kí wọ́n sùn, àwọn mìíràn sì wà tó ń fi oorun ọ̀sán bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Oorun tó ń ṣeni lóore jù lọ́sàn-án kì í gùn. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 ti tó. Tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, oorun rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́. Tó bá jí níbẹ̀, ojú rẹ̀ á dá, ọkàn rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ń lọ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sókè, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í wọra. Ẹni tí a bá jí lójú oorun tó wọra máa ń dà bí ẹni tí kò sùn rárá: orí á wúwo, kò ní lè ronú já geere, ó sì lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi fóònù yín ṣe aago tí yóò jí yín.

NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa òfúrufú, ti ṣe ìwádìí lórí àwọn awakọ̀ òfúrufú tó ń rin ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fún àwọn kan ní ìṣẹ́jú 40 láti sinmi lórí àga wọn nígbà tí àwọn yòókù ń bójú tó ọkọ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 26 ni wọ́n fi sùn, àmọ́ títí ọkọ̀ fi balẹ̀ ni wọ́n wà lójúfò ju àwọn tí kò sùn lọ.

Ẹ̀yin tó ń wakọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ṣíṣí fèrèsé àti yíyí rédíò sókè kì í lé oorun lọ. Ẹni tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ojú rẹ̀ pa dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, ti rin ọ̀nà tó ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ láìríran. Ẹ wá ibi tí kò léwu, ẹ dúró, ẹ mu kọfí tí ara yín bá gbà á, kí ẹ sì sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kọfí náà máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó ràn, nítorí náà ìgbà tí ẹ bá ń jí ló máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ojú yín dá dáadáa kí ẹ tó tún gbéra.

Ibi tí wàhálà wà ni òru. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Òun ló ń jẹ́ kí oorun kùn wá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Bí a bá sùn lọ́sàn-án, ó máa ń dín kù. Ẹni tó ń sùn dáadáa lóru kò ní mọ ìyàtọ̀ tó bá rẹjú díẹ̀ ṣáájú aago mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí oorun kì í yá lóru, tó wá ń fi wákàtí méjì dí i lọ́sàn-án, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń mú àìróorunsùn náà pẹ́. Irú wọn ni mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n pa oorun ọ̀sán tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ máa ń le, mo mọ̀.

Èyí kò kan àwọn ọmọdé. Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò wákàtí 11 sí 14 láàárín ọ̀sán àti òru, a sì ń ka oorun ọ̀sán mọ́ ọn. Ẹ má jí wọn nítorí ohun tí mo sọ fún àgbàlagbà. Òṣìṣẹ́ òru náà lè sùn kó tó lọ síbi iṣẹ́, kódà fún wákàtí kan àti ààbọ̀.

Wọ́n ti rí i pé àwọn tó ń sùn ju wákàtí kan lọ lójoojúmọ́ lọ́sàn-án sábà máa ń ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ju àwọn yòókù lọ. Ìyẹn kò fi hàn pé oorun ló fa àìsàn náà. Ó lè jẹ́ pé àìsàn tí a kò tíì mọ̀ ló ń fa oorun. Ẹni tó ń sùn wákàtí méje tàbí mẹ́jọ lóru, tó tún ń tòògbé níbi ìpàdé tàbí nídìí ọkọ̀, kí ó lọ rí dókítà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè fà á, oògùn ọ̀fìnkìn náà lè fà á. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni kí ọ̀nà ọ̀fun máa dí lójú oorun: ẹni náà á máa hanrun, èémí rẹ̀ á dúró díẹ̀, á sì mí gúlẹ́ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń sùn ló máa mọ̀. Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ ìgbà tí ẹ sùn àti ìgbà tí ẹ jí fún ọ̀sẹ̀ méjì sínú ìwé, títí kan ti ọ̀sán, kí ẹ sì mú ẹni tí ẹ jọ ń sùn náà dání.