Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àti táìsì, àti bí bàtà inú ilé ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti dúró se oúnjẹ ìnáwó rí lórí táìsì láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe apá tó fi ń ro àmàlà ló kọ́kọ́ máa ń ké gbàjarè, gìgísẹ̀ ni. Á bẹ̀rẹ̀ bíi pé nǹkan ń ta èèyàn lábẹ́ ẹsẹ̀, tó bá yá á gun orúnkún, á dé ìbàdí, tó bá fi máa dalẹ́ onítọ̀hún á máa wá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó máa ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá máa ń ṣe ni kí wọ́n lọ sọ́jà, kí wọ́n gbé sílípáàsì kan, kí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ inú ẹ̀ wò, tó bá ti rì wọlé báyìí wọ́n á ní èyí dáa, ó rọ̀, wọ́n á sanwó. Kò ní pẹ́ tí gìgísẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Sílípáàsì yẹn rọ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ kí nǹkan rọ̀ lọ́wọ́ àti kó lè gbé odindi èèyàn dúró lórí táìsì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ máa ń fàyè gba ẹsẹ̀, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á rì díẹ̀, á mú àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀, ìwúwo ara á wá tàn kárí gbogbo abẹ́ ẹsẹ̀. Táìsì tí wọ́n fi síméńtì lẹ̀ mọ́ kọnkéré ò fàyè gba ẹnikẹ́ni, tẹ̀rásò àti mábù náà ò sì gbà. Ẹsẹ̀ nìkan ló máa tẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló máa fara dà á. Ọlọ́run kúkú ti ṣe é sí i, lábẹ́ gìgísẹ̀ ni ọ̀rá kan wà tó nípọn, tó pín sí àpò kéékèèké, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gba agbára ìgbésẹ̀ sára kó má baà lọ lu eegun. Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣan kan tó fẹ̀ tó sì le ta láti gìgísẹ̀ lọ dé ìdí àwọn ọmọ ìka, ó di ẹsẹ̀ mú bí ọsán ṣe ń di ọrun mú. Tí iṣan yìí bá ti ń ṣiṣẹ́ jù, ibi tó ti so mọ́ eegun gìgísẹ̀ ló máa ń wú, ìdí nìyẹn táwọn kan fi máa ń jí láàárọ̀ tí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì á dà bíi pé wọ́n tẹ ìṣó, tí wọ́n bá wá rìn kiri díẹ̀ á rọlẹ̀. Ọ̀rá gìgísẹ̀ náà máa ń tín-ín-rín sí i bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè, torí ẹ̀ táìsì tí ò ṣe ọmọ ogún ọdún ní nǹkan kan lè máa dá ìyá ẹ̀ lóró nínú ilé kan náà.

Ìdúró gan-an burú ju ìrìn lọ, èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Téèyàn bá ń rìn, ìwúwo ń sún láti gìgísẹ̀ lọ sí iwájú, ẹsẹ̀ kan ń sinmi bí èkejì bá ń ṣiṣẹ́, iṣan ẹ̀yìn ojúgun sì ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Tó bá dúró síbì kan bíi tàwọn tó ń lọṣọ, àwọn tó ń ṣe irun àtàwọn tó ń dáná, ojú kan náà ni ìwúwo ń tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa pọ̀ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wú. Bàtà inú ilé tó dáa ò lè mú gbogbo ìyẹn kúrò, àmọ́ ó lè ṣe iṣẹ́ tí iyẹ̀pẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni kó fàyè gba ẹsẹ̀ díẹ̀ kó sì tan ìwúwo kárí.

Díẹ̀ o, kì í ṣe púpọ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sílípáàsì ayé ìsìnyí ni wọ́n ń pè ní EVA, tí ẹ bá gé e wò, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀ bíi hóró kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé pa. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, àwọn hóró yẹn á fún pọ̀, tó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò wọ́n á padà. Tí fóòmù bá ti wá rọ̀ jù, ìwúwo èèyàn á fún gbogbo ẹ̀ pọ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, látìgbà yẹn lọ kò sí nǹkan kan láàárín gìgísẹ̀ àti táìsì mọ́, bí ẹni jókòó sórí àga dáńfó tí fóòmù ẹ̀ ti kú, tí irin ń gún un nídìí. Àtàǹpàkò ò lè sọ èyí fún yín torí agbára àtàǹpàkò ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn tó wúwo tó kílò 70 tàbí 80. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò dáadáa, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì tí ontàjà tẹ́ síbẹ̀, ẹ dúró lórí síméńtì tàbí táìsì, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, kẹ́ ẹ sì gbé gbogbo ara lé gìgísẹ̀ yẹn fún bíi ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá ń mọ líle ilẹ̀ lára, ẹ gbé e sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà. Lẹ́yìn náà ẹ wo inú ẹ̀, tí ojú gìgísẹ̀ bá ṣì jin síbẹ̀ tí ò padà, fóòmù yẹn ò ní pẹ́ kú. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ṣẹ́ ẹ, ibi ìdí ọmọ ìka ló yẹ kó ti tẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ téèyàn bá ń rìn, èyí tó bá ṣẹ́ po láàárín bí ìwé ò lè di àárín ẹsẹ̀ mú. Ẹ má sì sá EVA sínú oòrùn gangan tàbí kẹ́ ẹ fi í sínú mọ́tò tó ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán, ooru máa ń jẹ́ kó sún kì, ẹni tí sílípáàsì ẹ̀ ṣàdédé kéré sí i lẹ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oòrùn ló kì í. Abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ ti sá a.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, èyí táwọn ontàjà máa ń sọ jù tí wọn kì í ṣàlàyé. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ wà lára ibi tí ihò òógùn pọ̀ sí jù lọ lára èèyàn, kì í sì í ṣe ooru nìkan ló ń mú wọn ṣiṣẹ́, ìpayà náà ń ṣe é. Òógùn yẹn fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Bakitéríà tó ń gbé ara awọ ẹsẹ̀ ló ń jẹ òógùn àti awọ tó ti kú, ohun tí wọ́n bá yọ sílẹ̀ ló ń rùn. Bí ẹsẹ̀ bá wá wà nínú omi òógùn títí, awọ á rọ̀, á funfun, á rọrùn láti bó, àgàgà láàárín ọmọńdinrín àti èkejì ẹ̀ tó máa ń fún pọ̀, ibẹ̀ sì ni fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń fa ẹsẹ̀ yíyún fẹ́ràn jù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òógùn lè gbà kúrò: kó gba ojú tó ṣí jáde, kí bàtà fà á mu, tàbí kó kọjá nínú ara bàtà bí ooru omi. EVA àti rọ́bà ò ṣe méjì tó kẹ́yìn rárá, àwọn hóró tí mo sọ pé wọ́n dé pa yẹn ò jẹ́ kí omi wọlé bẹ́ẹ̀ ni wọn ò jẹ́ kó jáde. Nítorí náà fóòmù tó bá bo ẹsẹ̀ látòkè délẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ihò, ihò tó tóbi tó sì pọ̀, kì í ṣe méjì mẹ́ta tí wọ́n lu fún ọ̀ṣọ́. Awọ ẹran gidi máa ń fa òógùn mu á sì jẹ́ kó kọjá díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí pámù aláwọ fi tura ju ayédèrú lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ayédèrú, ẹ kán omi kan ṣoṣo sí inú ẹ̀, sí ẹ̀yìn awọ tí wọn ò kùn, kì í ṣe ojú tó ń dán: awọ gidi á fà á, ojú ibẹ̀ á dúdú díẹ̀, ike ní tiẹ̀, omi á kàn máa yí kiri lórí ẹ̀. Aṣọ òwú ń fa omi mu dáadáa àmọ́ kì í tètè gbẹ, bàtà òwú tí wọ́n bá wọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ lójoojúmọ́ á máa tutù lẹ́sẹ̀. Kọ́ọ̀kì náà dáa, èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì yẹn, ó fúyẹ́, ó máa ń mú àwòrán ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ̀ ọ́, Birkenstock tó jẹ́ ti Jámánì ló jẹ́ kó gbajúmọ̀, àmọ́ bàtà tí wọ́n fi ṣe ò fẹ́ kí omi rẹ ẹ́ o, ẹ má wọ̀ ọ́ wọ baluwẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rò pé sílípáàsì tí òkè ẹ̀ ṣí ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí, kò tí ì bọ́. Òkè ẹsẹ̀ ń gba atẹ́gùn, àmọ́ abẹ́ ẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ fóòmù. Ohun tó ń gbà á sílẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí gìgísẹ̀ bá gbéra, atẹ́gùn tuntun á wọlé, èyí tó gbóná á jáde, bí ẹni ń fẹ́ ewìrì. Ẹni tó bá dúró sójú kan kò ní àǹfààní yìí, torí ẹ̀ ló fi yẹ kó wo ojú ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, èyí tó ń dán tó sì tẹ́jú pẹrẹsẹ, òógùn á jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yọ̀ lórí ẹ̀, èyí tó ní kókó wẹ́wẹ́ tàbí ilà á fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ẹ wo Havaianas àwọn ará Brazil tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, ara bàtà koríko àwọn ará Japan ni wọ́n ti mú àpẹẹrẹ ẹ̀, ojú ẹ̀ tó rí bí hóró ìrẹsì, ibẹ̀ ló ti wá.

Ti bàtà onírun tó wà káàkiri báyìí, ó rẹwà ní fọ́tò, àmọ́ ilé olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Ní Èkó lóṣù kẹta, inú ààrò lẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ yẹn. Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kìíní, tó ń rìn lórí lámínéètì, ìyẹn ilẹ̀ onípákó, tiẹ̀ yàtọ̀, òun nílò kinní tó máa bo ẹsẹ̀, irun àgùntàn gidi ló sì yẹ kó wá torí ó lè fa ọ̀rinrin tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara ẹ̀ mu kó má sì tutù lẹ́sẹ̀, onírun àtọwọ́dá tí owó ẹ̀ kéré ò lè ṣe ìyẹn. Táìsì fúnra ẹ̀ ò tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ bẹ́ẹ̀ náà lọ o, ó kàn máa ń tètè fa ooru kúrò lára ẹsẹ̀ ni, ó ń fà á yá ju igi tàbí rọ́ọ̀gì lọ, ìyẹn lẹsẹ̀ fi ń pè é ní òtútù.

Yíyọ̀ ló ń dẹ́rù bani jù, torí eegun ìbàdí àgbàlagbà tó bá ṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Omi díẹ̀ láàárín bàtà àti táìsì tó ń dán á di nǹkan bí awẹ́ tín-ín-rín kan tí bàtà á léfòó lórí ẹ̀. Ilà abẹ́ bàtà ló ń fún omi yẹn láyè láti sá lọ, rọ́bà tó rọ̀ á wá di ilẹ̀ mú. Ike tó le kì í di nǹkan kan mú, aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́ sílípáàsì hòtẹ́ẹ̀lì náà burú lórí táìsì. Ẹ yí bàtà tẹ́ ẹ ní nílé dojú dé lónìí kẹ́ ẹ wò ó, tí abẹ́ ẹ̀ bá ti dán bí àwo, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí. Àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́ lè béèrè nọ́ńbà R lára táìsì, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti R9 dé R13, bó bá ṣe ń gòkè ló ń di ẹsẹ̀ mú sí i. Bàtà baluwẹ̀ sì yẹ kó dá wà lọ́tọ̀, kó má wọ pálọ̀.

Fún ìyá àgbà, ẹ ra èyí tó ní okùn lẹ́yìn. Sílípáàsì tí ò ní ẹ̀yìn máa ń mú kéèyàn fi ọmọ ìka di bàtà mú kó má baà bọ́, ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá wọ dọ́ńlọ́ọ̀pù, ọmọ ìka á máa ká kò láìmọ̀, iṣan á máa rẹ̀, àgbàlagbà ní tiẹ̀ á wá máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yìn bàtà tí gìgísẹ̀ bá yọ síta lórí ẹ̀ náà ń dá kún gìgísẹ̀ sísán, pàápàá tí ọyẹ́ bá dé. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn, èyí tó bá gba ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́ á gba ti àárọ̀.

Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, jọ̀ọ́, kó má rìn lẹ́sẹ̀ òfìfo rárá, nínú ilé pàápàá. Àìsàn yẹn lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, òkúta á wà nínú bàtà láti àárọ̀ kò ní mọ̀, egbò á ṣẹlẹ̀ kò ní mọ̀. Bàtà tó bo ọmọ ìka, tí inú ẹ̀ rọ̀ tí kò sí ojú rírán tó le níbẹ̀ ló yẹ fún un, kì í ṣe èyí tí okùn ẹ̀ gba àárín ìka, kó sì máa fi ọwọ́ wo inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́ àti ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ lálẹ́.

Tówó bá wà, méjì dára ju ọ̀kan olówó ńlá lọ, kí ọ̀kan máa gbẹ bí èkejì bá wà lẹ́sẹ̀. Tí kò bá sí, pámù aláwọ tó wà nílé yẹn ṣì wúlò, ẹ gbé e lọ bá ṣúmékà àdúgbò, ní Mushin tí ọjà awọ wà wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ẹ ní kó fi fóòmù tó le díẹ̀ sáàárín awọ àti ìdí ẹ̀, kó fi rọ́bà onílà sábẹ́ dípò ike, kẹ́ ẹ sì wọ̀ ọ́ dúró lórí síméńtì iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.