Kì í ṣe Ìyàwó Amẹ́ríkà ló gba ìtẹ́ mọ́ ọba Sikkim lọ́wọ́

Bí ọ̀rọ̀ Sikkim, ìlú ọba kékeré kan tó wà láàárín Nepal àti Bhutan tẹ́lẹ̀, bá délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé obìnrin òyìnbó kan ló kó bá ọba. Wọ́n ní amí ni Hope Cooke, ọmọ Amẹ́ríkà tí ọba fẹ́ ní 1963, pé òun ló jẹ́ kí Íńdíà gba ìlú mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí wọ́n ń di ẹ̀bi ru ẹni tí kò gbé e.

Ní 1642, lórí òkè Himalaya, ni lámà mẹ́ta, ìyẹn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, fi Phuntsog Namgyal jọba ní Yuksom, lórí ìtẹ́ òkúta tó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Chogyal ni wọ́n ń pe ọba wọn, ìyẹn ẹni tó ń fi òfin ẹ̀sìn ṣèjọba. Ìdílé kan náà ló jẹ ẹ́ fún 333 ọdún.

Ohun tó jẹ ìtẹ́ yìí nídìí ti wà kí wọ́n tó bí Cooke. Láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Nepal ti ń wọlé wá dáko, títí wọ́n fi pọ̀ ju àwọn onílẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ìdìbò 1973, àwọn Nepali, tí wọ́n tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ará ìlú, ní àga 7 ní ìgbìmọ̀. Bhutia àti Lepcha, ìyẹn àwọn onílẹ̀, tí wọn ò pọ̀ tó wọn rárá, náà ní 7. Ọba sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan èèyàn 6 lé e. Ta ni irú èyí ò ní bí nínú? Ìgboro gbaná ní oṣù kẹrin. Íńdíà, tí àdéhùn 1950 ti fún láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ogun àti ilẹ̀ òkèèrè, ló wá pàná ìjà náà, kò sì kúrò mọ́.

Òótọ́ ni pé ní 1966, Cooke kọ àpilẹ̀kọ kan pé Sikkim ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí Darjeeling, ilẹ̀ kan tó ti wà lọ́wọ́ Íńdíà, inú Íńdíà ò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ 1973 ló ti padà sí Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1975, sójà Íńdíà yí ààfin ká ní Gangtok, olú ìlú Sikkim. Ìbọn wọn pa ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ọba bọ́ sídìí rédíò tó fi ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀, ó ké sí aráyé. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n ní kí ìlú dìbò: 59,637 ní kí ìjọba ọba parí, 1,496 kọ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún, Sikkim ti di ìpínlẹ̀ kejìlélógún ní Íńdíà.