Bí ọ̀kadà ṣe ń dúró, àti ohun tí ọlọ́kadà tuntun kì í mọ̀ nípa rẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ ọ̀kadà ní Ìkòròdú. Ọ̀rẹ́ á gbé máṣíìnì wá sí pápá ilé ìwé, á júwe kílọ́ọ̀ṣì, jíà, àti ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń fún un níná. Ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ ẹni tó ń kọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí pápá po. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti gbé èrò láti Gáréèjì lọ sí Igbógbo. Bí wọ́n ṣe ń gbéra ni wọ́n kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ibẹ̀ gan-an sì ni ikú ń lúgọ sí.

Lóṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fi mẹ́rin kún un lóṣù kẹsàn-án. Ìkòròdú kò sí lára wọn. Ọ̀kadà ṣì ni ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbé nínú lọ́hùn-ún, lọ́nà Báyẹ̀kú, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ́tà, nítorí náà ojoojúmọ́ ni ọwọ́ tuntun ń bọ́ sójú títì.

Ẹni tó bá ti wọ dánfó rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì. Gbogbo èrò á dà síwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn á fi orúnkún gbá ìjókòó iwájú rẹ̀. Ọ̀kadà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí bíréèkì bá ti mú, ìwúwo máṣíìnì àti ti ẹni tó wà lórí rẹ̀ á rọ́ síwájú, táyà iwájú á tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, tẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Táyà tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń rí ilẹ̀ gbá mú. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 agbára tó ń dá ọ̀kadà dúró lórí ọ̀dà gbígbẹ fi wà lọ́wọ́ bíréèkì iwájú, èyí tí ìka ọwọ́ ọ̀tún ń fún. Ìwọ̀nba tó kù ni ti ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan tiwájú, máṣíìnì á gbé e sọnù. Àwọn kan tilẹ̀ tú okùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn lásán o, èèyàn ti ṣubú bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n jíjá a gbà lójijì ló ń gbéni ṣubú, pàápàá nígbà tí ọwọ́ máṣíìnì bá wà ní yíyí, tàbí tí táyà bá wà lórí yanrìn. Bí wọ́n ṣe ń fún ọsàn mu ni wọ́n ń fún bíréèkì iwájú: díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ìwúwo lè rọ́ síwájú, kí táyà jókòó sórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí ọwọ́ máa le sí i. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹni tó bá tẹ tẹ̀yìn nìkan, orí táyà tó ti fúyẹ́ ló ń tẹ̀. Táyà náà á gan, kò ní í yí mọ́, ìdí ọ̀kadà á sì máa fì bí ìrù ejò.

Ní ọdún 1981, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Southern California, tí Harry Hurt ṣáájú wọn, gbé ohun tí wọ́n rí jáde nípa 900 ìjàm̀bá alùpùpù tí wọ́n lọ wò lójú ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles. Bíi pé pápá ilé ìwé Ìkòròdú ni wọ́n wà: 92 nínú 100 àwọn tó ní ìjàm̀bá ló jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kọ́ ara wọn, tàbí kó jẹ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló kọ́ wọn. Ó lé ní ìdajì wọn tí kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí máṣíìnì tí wọ́n fi ní ìjàm̀bá náà. Nígbà tí ewu dé, tẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ wọn tẹ̀ títí táyà fi yọ̀, wọn kò sì lo tiwájú tó. Àkókò tí wọ́n ní láti fi gba ara wọn là kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Ọ̀kadà tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí ewu, kí ọpọlọ tó pàṣẹ, kí ìka tó dé bíréèkì, mítà 17 ti lọ, bíréèkì kò sì tíì ṣe nǹkan kan. Bí méjèèjì bá wá mú dáadáa lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó ṣì kù tó 20 mítà kó tó dúró. Bó bá jẹ́ tẹ̀yìn nìkan ni, á tó 40. Mítà 20 tó fi lé yẹn gùn ju tírélà kan lọ, tírélà sì pọ̀ lọ́nà Odógunyàn. Eré ló tún ń bà á jẹ́ jù: ẹni tó ń sá 30 fẹ́ nǹkan bíi mítà 5 láti fi bíréèkì dúró, 60 sì ń gba 20. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà di ìlọ́po mẹ́rin.

Yanrìn ni ti Ìkòròdú tó yẹ kó gba ìtẹnumọ́. Àwọn típà tó ń kó yanrìn tí wọ́n fà jáde nínú ọ̀sà máa ń dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ibi tí wọ́n bá sì ti yà ló ń pọ̀ jù, ìyẹn níbi tí ọ̀kadà náà ti fẹ́ yà. Hóró yanrìn ń yí gbirigbiri láàárín táyà àti ọ̀dà, táyà kò sì ní rí nǹkan kan gbá mú. Kí ọ̀kadà tó dé orí rẹ̀ ni wọ́n ń dín eré kù, nígbà tó ṣì dúró ṣánṣán. Tó bá ti wà lórí rẹ̀, wọ́n á fi tiwájú sílẹ̀, wọ́n á di ọwọ́ máṣíìnì mú láìyí i, wọ́n á sì jẹ́ kí eré náà kú fúnra rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn náà ń ṣe bákan náà, torí omi máa ń gbé epo àti eruku tó ti wà lórí ọ̀dà sókè.

Àṣíborí ń ṣiṣẹ́ níbi tí bíréèkì ti kùnà. Èèpo líle tó wà lóde ń tú agbára ohun tó gbá a ká, fóòmù inú sì ń rún kí orí má baà dúró lójijì. Tí fóòmù bá ti rún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, bí ìta rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin. Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé e lọ́dún 2009, àwọn kan gbé igbá àti ike ọ̀dà kọ́rí. Igbá kò ní fóòmù, kò sì ní okùn àgbọ̀n. Àṣíborí gidi tí wọ́n so okùn rẹ̀ ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní 69. Èyí tí wọn kò so okùn rẹ̀ á fò lọ kí orí tó kanlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ bíréèkì lè ṣe é láàárọ̀ kùtù lórí ọ̀dà gbígbẹ níbi tí kò sí ọkọ̀, pẹ̀lú àṣíborí lórí. Á sá 20, á fi tẹ̀yìn nìkan dúró, á fi òkúta sàmì síbi tó dúró sí. Á tún padà wá láti ibi kan náà, á lo méjèèjì, á sì fi òkúta kejì lélẹ̀. Tí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, kó máa gbé eré náà ga díẹ̀díẹ̀ dé 40, níbi tí àlàfo òkúta méjèèjì á ti tó nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó gbé ẹnì kan sẹ́yìn, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti 20 padà, torí ìwúwo èrò ń yí ibi tí máṣíìnì á ti dúró padà.