Bí ilé gíláàsì ṣe ń tọ́jú igbó olóoru nínú òtútù San Francisco

Àlejò tó bá dé San Francisco nínú oṣù Keje pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa wá ẹ̀wù òtútù rà. Kùrukùru máa ń ti orí òkun Pàsífíìkì wọ ìlú, òtútù rẹ̀ sì ń mú bíi ti ọyẹ́, àfi pé ó lọ́rinrin. Síbẹ̀, láàárín Golden Gate Park ní ìlú yìí kan náà, kòkó, kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù lábẹ́ òrùlé kan. Conservatory of Flowers ni wọ́n ń pe ilé náà. Igi àti gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ ọ, 1879 ni wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú.

Ara gíláàsì niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á gba inú rẹ̀ kọjá, á bà lé ewé àti ilẹ̀, àwọn náà á gbóná, wọn á sì mú afẹ́fẹ́ tó yí wọn ká gbóná. Ká ní ìta ni, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè lọ, tútù á gba ipò rẹ̀. Nínú ilé gíláàsì, kò rọ́nà lọ. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò tí wọ́n ti pa sínú oòrùn rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ṣú, kùrukùru á sì bo oòrùn, nítorí náà bọ́ílà ló ń ran irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: á gbé ooru gba inú páìpù káàkiri. Bí ooru bá wá pọ̀ jù, wọn á ṣí fèrèsé òkè. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi kun gíláàsì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn jó ewé. Ohun tó jẹ́ kí ilé náà funfun bí ẹyin láti òkèèrè nìyẹn.

Ooru nìkan kò tó, igbó olóoru ń fẹ́ omi nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ohun tó ń bọ́ igi tó ń hù nínú ilé ló ń pa igi tó gbé ilé ró. Ọ̀rinrin á lẹ̀ mọ́ gíláàsì tútù, á di ìrì, á ṣàn lọ síbi tí gíláàsì ti pàdé igi, á jókòó síbẹ̀. Igi tó tutù tó sì móoru lójoojúmọ́, jíjẹrà ló kù. Igi redwood ti California ni wọ́n lò, igi tí kì í tètè jẹrà, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, ó ń jẹrà. Nígbà tó di 1933, ilé náà ti mẹ́hẹ débi pé wọ́n tì í pa, ó di 1946 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Ohun tó ń yọ ọ́ ni pé ilé títò ni, ilé tí wọ́n ti gé èlò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó tò ó pọ̀. James Lick, ọlọ́rọ̀ kan ní California, ló ra ohun èlò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní 1876, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Àwọn ọlọ́lá San Francisco kó owó jọ, wọ́n rà á, wọ́n fi ta ìlú lọ́rẹ. Iná jó òrùlé rìbìtì tó wà láàárín ní 1883, wọ́n tún un ṣe. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1906 wó ìlú, ilé gíláàsì yìí kò wó. Ìjì oṣù Kejìlá 1995 ló dá a dúró: nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gíláàsì rẹ̀ fọ́. Ohun tí wọ́n bá tò ṣeé tú. Wọ́n tú u, wọ́n ṣa igi tó ṣì dára sọ́tọ̀, wọ́n fi tuntun rọ́pò èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n sì tún un tò. Ọdún 2003 ni ilẹ̀kùn tún ṣí.

Abẹ́ òrùlé rìbìtì náà ni igbó ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà. Yàrá mìíràn wà fún ewéko orí òkè, àwọn tó ń gbé inú ìkùukùu, tí wọ́n ń fẹ́ ìtutù àti ọ̀rinrin. Ní tiwọn, ojú ọjọ́ San Francisco ń báni ṣiṣẹ́ ni.

Níbi adágún ni ó yẹ kéèyàn dúró pẹ́. Òṣíbàtà ńlá ti odò Amazon wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ tẹ́ sórí omi bí àwo ràgàjì tí etí rẹ̀ ká sókè. Abẹ́ ewé náà lọ́gbọ́n wà: iṣan nípọnnípọn tó nà láti àárín dé etí, àwọn kéékèèké dábùú wọn bí igi àjà, ẹ̀gún sì bò wọ́n. Ní 1849, Joseph Paxton, olùṣọ́gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọmọbìnrin rẹ̀ dúró sórí irú ewé yìí, kò rì. Iṣan wọ̀nyẹn ló tọ́ka sí nígbà tó ń ṣàlàyé ilé gíláàsì ńlá tó kọ́ sí London ní 1851.

Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ máa ń là. Lálẹ́ àkọ́kọ́ á funfun, á máa ta sánsán, kòkòrò á wọlé, òdòdó á pa dé mọ́ ọn. Lálẹ́ kejì á ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, á tú kòkòrò náà sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú òdòdó lára. Níbi tí kòkòrò náà kò bá sí, búrọ́ọ̀ṣì olùṣọ́gbà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí olùbẹ̀wò wọ aṣọ òtútù tó ṣeé bọ́, nítorí ooru á pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ojú awò rẹ̀ á sì ṣú. Bó bá gbójú sókè ní òwúrọ̀, á rí ìrì tó tò lẹ́sẹẹsẹ létí gíláàsì: ọ̀kan á bọ́ sórí ewé kòkó, òmíràn á wọ inú igi.