Ẹ jẹ́ kí oòrùn ṣíwájú yín ní Barbados

Erékùṣù Barbados kò tóbi. Gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 34 lọ, ìbú rẹ̀ ò ju 23. Kíkéré yìí gan-an ló ń tan àlejò: wọ́n á ní àwọn fẹ́ yí i po tán kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á sì fi gbogbo ọjọ́ náà wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wọn. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá èèyàn ṣètò irú ìrìnàjò yìí, ohun tí mo sì máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé kí wọ́n tẹ̀ lé oòrùn: etíkun ìlà-oòrùn láàárọ̀, ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Kò lè ṣòro fún ará wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ ẹni tó kọ́ mọ́tò wíwà ní Ìbàdàn ní láti fura, torí ọwọ́ ọ̀tún ni Nàìjíríà ń gbà láti 1972. Ibi tó léwu jù ni ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi tí ẹ páákì sí, tí kò sí ọkọ̀ kankan lójú títì tí ẹ lè wò. Kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa pariwo “òsì o!” nígbà náà. Ẹ mú láísẹ́ǹsì yín dání. Ilé iṣẹ́ tó ń háyà ọkọ̀ máa ń bá èèyàn gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún àlejò. Lẹ́tà H ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ háyà, torí náà àwọn onílé mọ̀ pé àlejò ni yín.

Bí ẹ bá ṣìnà láàárín oko ìrèké, ẹ wo ibùdókọ̀. Wọ́n kọ “To City” tàbí “Out of City” síbẹ̀. “City” yẹn ni Bridgetown, olú-ìlú.

Bathsheba, ní etíkun ìlà-oòrùn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Òkun Àtìláńtíìkì ló ń fi gbogbo agbára rẹ̀ lu àwọn àpáta ńlá tó dúró nínú omi níbẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Omi náà ń fa èèyàn lọ. Ẹ jẹun níbẹ̀, ẹ má kánjú. Cou-cou, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti ilá rò, pẹ̀lú ẹja tó ń fò, kò ní ṣàjèjì lẹ́nu yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba East Coast Road, tí Ọbabìnrin Elizabeth ṣí ní 1966, lọ sí Cherry Tree Hill. Ẹ dúró lórí òkè yẹn, ẹ ó rí etíkun tí ẹ ti gbà wá. Ilé oko ìrèké St Nicholas Abbey kò jìnnà síbẹ̀, láti nǹkan bíi ọdún 1658 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ń lọ nítorí ọtí rọ́ọ̀mù wọn. Èmi á ní kí ẹ béèrè nípa àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, tí wọ́n fi òógùn wọn gbin ìrèké náà, kí ẹ tó tọ́ ọtí wò.

Láti ibẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí Speightstown ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí òkun ti rọlẹ̀, tó dára láti wẹ̀. Láàárín aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn ń wọ̀, ìgbà yòówù kó jẹ́ nínú ọdún. Bí ẹ bá ń wá ibòji létí òkun, ẹ yẹra fún igi manchineel. Èso rẹ̀ jọ ápù kékeré tútù, májèlé sì ni. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa yí ìdí rẹ̀ po, àmọ́ wọn ò kun gbogbo wọn. Omi òjò tó bá kán láti ara ewé rẹ̀ lè bó èèyàn lára, torí náà bí òjò bá dé, inú mọ́tò ni kí ẹ sá sí.